Adìẹ Ilé-Ifẹ̀ àti Ẹyẹ Inú Òkúta

Àwọn ọmọ awo tuntun ní Berlin àti Hamburg ń bi wá léèrè pé: ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ̀dá ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣé kí a sọ fún wọn pé irọ́ ni? Rárá o.

Ní Museum für Naturkunde ní Berlin, òkúta kan wà tí ẹyẹ Archaeopteryx wà nínú rẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 150 ọdún. Ó ní ìyẹ́ bí adìẹ, ṣùgbọ́n ó ní eyín lẹ́nu, èékánná lápá, àti ìrù eléegun gígùn bíi ti alángbá.

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ ìyá kì í rí bákan náà délẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà ni ọmọ wọn ń jogún. Èyí tí ìrísí rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ni ó ń bímọ jù. Èyí ni Darwin pè ní àṣàyàn àdánidá nínú ìwé rẹ̀ ní 1859. Kì í ṣe ẹranko kan ṣoṣo ni ó ń para dà, ìran ni.

Síbẹ̀, a kò gbà pẹ̀lú awo tí ó ń sọ pé Ifá ti kọ́ni ní èyí ṣáájú Darwin. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ó tan ilẹ̀ ní Ifẹ̀ ń kọ́ wa ní ẹni tí a jẹ́. Òkúta Berlin ń fi bí ẹyẹ ṣe di ẹyẹ hàn wá. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Ọmọ tí a bá purọ́ òkúta fún kò ní gbà wá gbọ́ nípa òrìṣà. Àṣẹ.