Kí Ni Ìdánwò Wa Ń Dán Wò?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti Ìjàyè dé, mo sì fẹ́ fi lọ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, ọmọ bíbí Ìjàyè ní agbègbè Akínyẹlé, ló mú mi lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ti ní kí ó bá wọn kọ ìtàn ogun Ìjàyè sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán. Ó gba ohùn wọn sórí fóònù, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò rí nǹkan kan kọ. Kò mọ bí a ṣe ń da ọ̀rọ̀ ẹnu kọ, kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nígbà tí ìtàn àgbà méjì kò sì bára mu, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Bàbá àgbà kan wò mí, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ ń kọ́ wọn níbẹ̀ ni?"

Ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo wá ìlapa ẹ̀kọ́ náà jáde. Èròńgbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ nìyí: ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè gba ìtàn àtẹnudẹ́nu lẹ́nu àwọn àgbà, yóò lè fi àkọtọ́ òde òní kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, yóò sì lè gbé àwọn ìtàn tó tako ara wọn yẹ̀ wò. Mo wá ìbéèrè ìdánwò náà pẹ̀lú. Kí ni mo bá níbẹ̀? "Fún ìtàn àtẹnudẹ́nu ní oríkì." "Dárúkọ ìwúlò rẹ̀ márùn-ún." "Ọdún wo ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀?" Ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀, mo sì fún un ní A.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èmi pe iṣẹ́ ọwọ́ ní orí nínú ìlapa, mo sì fi tẹlẹ̀ nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ogun náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé 1860 ló bẹ̀rẹ̀, pé 1862 sì ni Ìbàdàn kó Ìjàyè, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Adélù àrẹ̀mọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ jálẹ̀ pé àṣà ni kí àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ǹjẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjàyè, àti ìran àwọn ará Ìjàyè tó sá lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta yóò sọ ìtàn yìí bákan náà? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìbéèrè tó béèrè ọdún nìkan kò dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi rírántí sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àtẹ̀gùn ìmọ̀. Lílo ìmọ̀, títú u palẹ̀ àti ṣíṣe ìdájọ́ wà lókè. Nílé níbí, NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní 2022, ó sì to ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó pèsè ìdá 70 nínú 100, ó fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà kì í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Olùkọ́ ní í ṣe é.

Mo mọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi yóò wí: "Akẹ́kọ̀ọ́ mi lé ní 300, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè?" Òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá fún wọn ní ìlà mẹ́wàá tí kò ní àmì, kí wọ́n fi àmì sí i, ó yá máàkì ju àròkọ ojú-ewé mẹ́ta lórí ìwúlò àmì ohùn lọ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ yóò hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìtàn kúkúrú méjì tó tako ara wọn, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n gbà àti ìdí rẹ̀. Kí gbígba ohùn àgbà sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní máàkì gidi. Kí ìbéèrè tó lọ fún títẹ̀, ẹ kọ èròńgbà tó ń dán wò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní, ẹ yọ ọ́.

Kí n tó kúrò ní Ìjàyè, bàbá yẹn tún sọ̀rọ̀. "Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ mi ní ebè kíkọ, kò bi mí pé kí ni ebè. Ọkọ́ ló gbé fún mi."

Èmi àti ọmọ náà ti jọ ń da ohùn tó wà nínú fóònù kọ báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti sùn. Kí àwọn yòókù pẹ́ fún wa. Ire o.