Kí wọ́n tó gé ọmú, ẹ jẹ́ kí obìnrin mọ àwọn ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀

Obìnrin kan pè wá lórí ètò ìlera wa láìpẹ́ yìí. Kò dárúkọ ara rẹ̀, a ò sì bi í. Ó ní ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí dókítà ti sọ fún òun pé jẹjẹrẹ wà nínú ọmú òun, pé kí òun wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò tíì padà lọ. Kì í ṣe owó ló dá a dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London ti fi owó ránṣẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju gbólóhùn kan lọ: "Tí wọ́n bá gé e, kí ni mo wá jẹ́?"

Dókítà tó jẹ́ àlejò wa lọ́jọ́ náà bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ àtúnṣe ọmú rí. Ó ní, "Àtúnṣe báwo, sà?" Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé nǹkan ò tọ́. Wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n máa mú kúrò lára rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ fáàrí ni àtúnṣe ọmú, pé àwọn olówó àti àwọn òṣèré ló wà fún. A ò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ó wà lára ohun tó ń pinnu bóyá obìnrin á gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lásìkò, tàbí á sá títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Ẹ̀rù tó ń pa èèyàn ju abẹ lọ

Jẹjẹrẹ ọmú ni irú jẹjẹrẹ tó ń mú obìnrin jù lọ ní Nàìjíríà. Ìṣirò tí ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe fún ọdún 2022 sọ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in lọ́dún náà lé ní 32,000, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 16,000. Ju ìdajì àwọn tó ń dé ọsibítù wa ló jẹ́ pé àrùn náà ti tó ìpele kẹta tàbí ìkẹrin kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Àìlówó wà ńbẹ̀, àìmọ̀ wà ńbẹ̀, alágbo àti ilé àdúrà tó ń dáni dúró náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ "a máa gé e" ni wọ́n rí wọn mọ. Òwe tí ẹbí sì máa ń pa ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yẹn dáa, àmọ́ kò bá ibí mu. Ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ti kú nìyẹn. Ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ lè wà láàyè, kó máa ṣòwò rẹ̀, kó sì jókòó síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di gbajúmọ̀ ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tí ìwádìí wọn fi hàn pé irú jẹjẹrẹ ọmú tó le, tó sì ń mú obìnrin nígbà tí kò tíì dàgbà púpọ̀, wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gé ọmú fún lọ́dọ̀ wa ò tíì pé 50 ọdún. Ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ò tíì lọ́kọ. Àwọn yìí ṣì ní ọdún púpọ̀ tí wọ́n máa fi gbé pẹ̀lú ara tí iṣẹ́ abẹ bá fi sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà

Ká tó lọ jìnnà, kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ló ń béèrè pé kí wọ́n gé gbogbo ọmú. Tí wọ́n bá tètè rí i, tó ṣì kéré, wọ́n lè yọ kókó náà nìkan, kí wọ́n wá fi ìtọ́jú onítànṣán tẹ̀ lé e, ẹ̀mí obìnrin náà á sì gùn bíi ti ẹni tí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn sá. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ohun tí wọ́n máa gé ń pọ̀ sí i.

Tó bá wá di dandan kí wọ́n gé e, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú obìnrin.

Àkọ́kọ́ ni kó fi àyà rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, òun ló sì tètè ń jinná jù. Ẹni tó bá fẹ́ èyí, kó sọ fún dókítà ṣáájú, kí wọ́n lè rán awọ rẹ̀ kó tẹ́jú dáadáa, kí èyí tó ṣẹ́ kù má ká jọ lábẹ́ apá.

Ìkejì ni ọmú àtọwọ́dá tí wọ́n ń kì bọ inú kọ́mú. Èyí tó jẹ́ sílíkónì máa ń wúwo bí ọmú gidi, kì í jẹ́ kí èjìká kan ga ju èkejì lọ, pàápàá fún obìnrin tí ọmú rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú abẹ tó jinná, èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n fi òwú ṣe ló dáa. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè rán an, kó sì lé àpò sínú kọ́mú tí obìnrin náà ti ní nílé tẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ni àtúnṣe nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ, òun náà sì pín sí méjì. Wọ́n lè ki àpò sílíkónì sábẹ́ awọ. Nígbà míràn, wọ́n á kọ́kọ́ fi àpò kékeré kan síbẹ̀ tó dà bíi fèrè táwọn ọmọdé máa ń fẹ́, wọ́n á máa rọ omi iyọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ á fi fẹ̀, kí wọ́n tó fi sílíkónì rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ èyí kì í pẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àpò yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń lò títí ayé. Ó lè bẹ́, ó lè le gbagidi, wọ́n sì lè nílò láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Allergan kó irú kan tí ara rẹ̀ rí háháhá kúrò lọ́jà kárí ayé, torí wọ́n rí i pé ó ń fa irú jẹjẹrẹ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sílíkónì, kó béèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ lò, kó sì tọ́jú káàdì rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n lo ẹran ara obìnrin náà fúnra rẹ̀, láti ikùn tàbí láti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi mọ ọmú tuntun. Èyí máa ń rọ̀, ó sì máa ń bá ara sanra tàbí rù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, ojú abẹ méjì ló sì máa jinná. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn tó ń mu sìgá ní láti ṣọ́ra gan-an, torí ojú abẹ wọn kì í tètè jinná. Ẹni tí àpá máa ń wú ga lára rẹ̀, bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ọmú tí wọ́n tún ṣe kì í ṣe ọmú àtijọ́. Kò lè fún ọmọ lọ́mú. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ara ibẹ̀ kì í gbọ́ ìfọwọ́kàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ méjì tàbí mẹ́ta kó tó rí bó ṣe yẹ.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Wọ́n lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n gé e, wọ́n sì lè ṣe é lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó máa gba ìtọ́jú onítànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kó dúró ná, torí ìtànṣán náà lè mú kí sílíkónì le, kí ojú abẹ má sì jinná. Ohun tó yẹ ká dì mú nìyí: ẹni tó bá sọ pé "rárá" lónìí lè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe lè dúró. Ti jẹjẹrẹ ni kò lè dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó le

Obìnrin máa ń jáde ní tíátà pẹ̀lú rọ́bà tó ń fa omi kúrò lójú abẹ. Ó lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Kí ẹnì kan nílé kọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi rẹ̀ nù àti bí wọ́n ṣe ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí gígún iyán, kò sí ríro àmàlà, kò sí fífa omi nínú kànga, kò sí pípọnmọ. Ẹni tí wọ́n gé ẹran ikùn rẹ̀ lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí apá máa dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn fisiotẹ́rápì máa ń kọ́ obìnrin bó ṣe máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kó má baà gan. Tí wọ́n bá ti yọ kókó abẹ́ apá, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn lè wú, kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kó má jẹ́ kí ọ̀bẹ tàbí iná ṣe é léṣe.

Ìyá wa máa ń fẹ́ fi omi gbígbóná jó ojú ibi tó bá ń dunni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ara tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn ò ní mọ̀ tí omi bá ń bó o. Ìwé tí wọ́n kọ fún òyìnbó máa ń sọ pé kéèyàn wo bí awọ ṣe pọ́n, àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná ju ibi yòókù lọ, tó bá ń wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ìrora ọkàn náà wà. Ẹlòmíràn á máa rò pé ọmú tí wọ́n gé ń yún òun. Ẹlòmíràn ò ní lè wo dígí fún oṣù mélòó kan. Kò ya wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Ẹni tó ti la irú rẹ̀ kọjá ló dáa kó wá jókòó tì í.

Ta ló ni ìpinnu?

Ọkọ tó fẹ́ràn aya rẹ̀ á jókòó níbi tí dókítà ti ń ṣàlàyé, á béèrè ìbéèrè, á sì dákẹ́ tó bá kan ìdáhùn. Bí ọkọ bá fi dandan lé e pé kí ìyàwó òun tún ọmú ṣe, kò dáa. Bí ìyá ọkọ bá ní asán ni, kò dáa bákan náà. Ara obìnrin náà ni.

Owó àti òfin

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 sọ pé ètò adójútòfò tó bá ń sanwó gígé ọmú gbọ́dọ̀ sanwó àtúnṣe rẹ̀, títí kan ọmú kejì kí méjèèjì lè dọ́gba, àti ọmú àtọwọ́dá. Ní Britain, NHS ń ṣe é láìgba owó. Lọ́dọ̀ wa, òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní adójútòfò. Àmọ́ kò sí ibì kankan nínú òfin náà tí wọ́n ti dárúkọ àtúnṣe ọmú.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ò sì jìnnà. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn dókítà plastic surgery. Ọ̀rọ̀ "plastic" yẹn ló ń da àwọn èèyàn rú, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ike ni. Àwọn tó ń tún ara ṣe ni wọ́n, àwọn kan náà tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó.

Ẹnì kan lè sọ pé, níbi tí owó kímò ti ń mú kéèyàn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí la ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe sí? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé àlàyé ò gba owó. Kí ọsibítù jẹ́ kí dókítà tó ń gé e àti èyí tó ń tún un ṣe jọ bá obìnrin sọ̀rọ̀ kó tó wọ tíátà. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ fi ó kéré tán ọmú àtọwọ́dá àti kọ́mú rẹ̀ sínú ètò adójútòfò wọn. Ìyẹn ò ní fọ́ àpò ìjọba kankan.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó bá ń lọ, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀: Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa gé? Ṣé mo máa gba ìtànṣán? Ṣé ẹ lè tún un ṣe, ìgbà wo, èló? Tí mi ò bá tún un ṣe ńkọ́?

Obìnrin tó pè wá yẹn ò tíì pè padà. Tí ẹ bá ń ka èyí, mà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè yẹn. Ẹ mú wọn dání, kẹ́ ẹ lọ bá dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí.