ÀWỌN OJÚ TÍ A MỌ̀, TÍ A KÒ MỌ ORÚKỌ WỌN

   

Ọ̀rọ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ fún baba, fún ìyá àti fún ọmọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́, ẹ ó rántí Bonanza, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń gun ẹṣin, tí ń da màlúù, tí ìbọn kì í sì í kúrò ní ìbàdí wọn. Ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1973. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Gunsmoke, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1975. Ogún ọdún gbáko! Eré 635 ni wọ́n ṣe. Bí a bá bi yín léèrè ẹni tí ó jẹ́ olórí eré, àwọn kan nínú yín yóò dáhùn kíá pé Lorne Greene ni baba nínú Bonanza, James Arness sì ni agbófinró inú Gunsmoke. Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin tí ó gun ẹṣin wọ ìlú, tí eruku bò ó, tí ó ja báǹkì lólè, tí ọta ìbọn sì bá a kí eré tó tán? Ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Olórí eré kò gbọdọ̀ kú, nítorí wọn yóò tún nílò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kò sì gbọdọ̀ hùwà ìkà, kí àwọn òǹwòran má bàa kọ̀ ọ́. Nítorí náà, àlejò ni yóò gbé wàhálà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ ìlú. Títí di 1961, ìdajì wákàtí péré ni Gunsmoke ń gbà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di wákàtí kan. Láàrin àkókò kúkurú bẹ́ẹ̀ ni àlejò yóò mú kí á mọ òun, kí á kórìíra òun tàbí kí á káàánú òun, kí ó tó kú tàbí kí ó bá tirẹ̀ lọ. Bí àlejò kò bá mọ iṣẹ́, eré ọ̀sẹ̀ náà bàjẹ́, bí ó ti wù kí olórí eré dára tó.

Morgan Woodward ni ó ṣe àlejò jù lọ nínú Gunsmoke. Ìgbà 19 ni ó wọ ibẹ̀, tòun ti orúkọ mìíràn àti ìwà mìíràn. Àwọn òǹwòran a sì gbà á gbọ́ bí ẹni pé wọn kò rí i rí! Nínú sinimá Cool Hand Luke ti 1967, òun ni olùṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó fi gíláàsì dúdú bojú. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ni. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tí ó kú ní 2019.

Ẹnìkejì ni Jack Elam. Ní kékeré, òun àti ọmọ kan jà, ọmọ náà sì fi pẹ́ńsùlù gún un lójú òsì. Ojú náà fọ́, láti ìgbà náà ni kì í sì í wo ibi tí ọ̀tún ń wò. Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó ń ṣe fún àwọn onísinimá, títí dókítà fi kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ń fi ojú kan tí ó kù tẹjú mọ́ ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà lè lọ. Báyìí ni ó fi di eléré. Kí ni ẹ rò pé wọ́n fún un ṣe? Olè, apànìyàn, ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n wo ojú tí ó fọ́, wọ́n ní ìkà ni olójú náà. Oníṣirò owó tí kò pa ẹnikẹ́ni rí! Ìgbà tí ó di 1963 ni wọ́n fún un ní ipò agbófinró nínú The Dakotas, ní 1969 ó sì pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nínú Support Your Local Sheriff. Ọdún 2003 ni ó kú.

Ẹnìkẹta kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa Mùsùlùmí. Michael Ansara ni orúkọ rẹ̀. Abúlé kan ní Síríà ni wọ́n ti bí i ní 1922, sínú ìdílé Kìrìsìtẹ́nì, ó sì tó ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ dókítà ni ó fẹ́ kọ́. Nítorí pé ojú a máa tì í ni ó ṣe lọ kọ́ eré ṣíṣe, kí ó lè lanu láàrin èèyàn. Láti 1956 dé 1958, òun ni Cochise, aṣáájú àwọn Apache, nínú Broken Arrow. Ní 1959 ó ṣe àlejò nínú The Rifleman gẹ́gẹ́ bí agbófinró tí ó jẹ́ ọmọ Apache, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe eré tirẹ̀ fún un. Ọmọ Síríà ni o! Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ gan-an ń wá iṣẹ́ eré tí wọn kò rí tó. Ṣùgbọ́n ní 1976, nígbà tí Moustapha Akkad ṣe The Message, sinimá ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn wa tí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ti wò, Michael Ansara yìí ni ó ṣe Abu Sufyan. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó, ojú rẹ̀ ni ẹ rí yẹn.

Kì í ṣe gbogbo eré ni ó fi ojú dájọ́ èèyàn. Ní 1964, William Marshall, ọkùnrin adúláwọ̀ tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ṣe àlejò nínú Bonanza bí Thomas Bowers, olórin ńlá tí wọ́n pè wá kọrin. Nígbà tí ó dé tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kò gbà á, wọ́n sì tún tì í mọ́lé pé ẹrú tí ó sá ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí ara wọn nínú dígí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Ọmọ tí ó bá ń wo irú eré wọ̀nyí lójoojúmọ́, ìbáà ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù, ń kọ́ pé ojú ni a fi ń mọ olè. Bí ó bá wá dé ilé-kéwú tí ó bá ọmọ tí ojú rẹ̀ kò gún, yóò fún un ní ìnagijẹ. Àwa àgbà ńkọ́? Mélòó nínú wa ni ó ti kọ àna rere nítorí àpá ojú tàbí ẹsẹ̀ tí ó ń tiro?

Ẹ rántí Ibn Umm Maktum. Afọ́jú ni. Ó wá ẹ̀kọ́ wá sọ́dọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, nígbà tí àwọn ọlọ́lá Kuraiṣi wà níbẹ̀, nípa rẹ̀ ni Súrà Abasa sì fi sọ̀kalẹ̀. Afọ́jú yìí náà ni ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú Bilali, tí Ànábì sì fi ṣe adelé ìlú nígbà tí ó rin ìrìnàjò. Kò sí ẹni tí ó fi ojú gbà á síṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá ń wo eré. Bí wọ́n bá ní, “Ojú ẹni yìí burú, òun ni olè,” ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni ó ṣe?” Kí wọ́n dúró de ìwà kí wọ́n tó dájọ́. Bí eré bá sì tán, kí wọ́n má ṣe tètè pa á. Kí wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́, títí kan ẹni tí ó sọ gbólóhùn kan péré. Ẹni tí ó bá kọ́ láti ka orúkọ òṣìṣẹ́ kékeré lóníì, yóò mọ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbá mọ́sáláṣí lọ́la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, inṣá Àlláhù.