Ta ló yẹ kí wọ́n fìyà jẹ nígbà tí góòlù bá di 17-0?

Ẹ fara balẹ̀ kà á o, ó gùn díẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 níbí, ní Ìgbò-Ọrà, fẹ́ ṣòfin tuntun fún ọlidé tó ń bọ̀. Ikọ̀ tó bá fi ohun tó ju góòlù 6 lọ na ikọ̀ kejì kò ní gba point mẹ́ta. Òdo ló máa gbà, bíi pé òun ló fìdí rẹmi. Ohun tó fà á ni pé ní ọlidé tó kọjá, ikọ̀ kan na èkejì ní 17-0, fídíò ẹ̀ sì rin WhatsApp láti Ìgbò-Ọrà dé Èrúwà dé Lánlátẹ̀.

Ohun tó ń dun àwọn tó fẹ́ ṣòfin yìí ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún ò dáa.

Mo wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fídíò nìkan, ẹ̀rín lẹ rí. Nígbà tó di bíi góòlù kẹsàn-án, ọmọ tó ń ṣọ́lé jókòó sílẹ̀. Kò fara pa o. Ó kàn jókòó sáàárín igi góòlù méjèèjì, ó ń fìka kọ nǹkan sínú yẹ̀pẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, kò wẹ̀yìn. Àwọn géńdé tó dúró lẹ́yìn ilé ń pè é ní apẹ̀rẹ̀. Kóòṣì ikọ̀ tó ń nà wọ́n wá ń pariwo látìta: "Ẹ gbá sí i! A máa nílò góòlù!"

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, n ó padà sí i.

Ká ní òfin tuntun yìí ti wà lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ní 6-0, kóòṣì á ní káwọn ọmọ ẹ̀ dúró. Wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù síra wọn, síwá sẹ́yìn, títí réfírì á fi fọn fèrè. Tí góòlù keje bá ṣèèṣì wọlé, ẹnì kan á ní láti sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù sílé ara wọn kí àlàfo lè padà di 6. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀ yẹn, ṣé ẹ rò pé ara á tù ú? Ọmọ ọdún 11 kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú òun, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n ń fi òun ṣeré.

Ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ikọ̀ kejì náà wà níbẹ̀ o, èyí tí kì í wọlé àfi tí ikọ̀ ẹ̀ bá ti ń borí dáadáa. Kò gbá góòlù kankan wọlé rí látọjọ́ tó ti dáyé. Wọ́n ní kó wọlé ní 6-0, bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ilé ṣófo níwájú ẹ̀. Ká wá sọ fún un pé kó má gbá a, torí tó bá gbá a wọlé, òun ló ba tẹgbẹ́ òun jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2010, líìgì àwọn ọmọdé kan ní Ottawa, ní Canada, ṣòfin pé ikọ̀ tó bá fi góòlù tó ju 5 lọ borí ti fìdí rẹmi nìyẹn. Àwọn òbí fárígá, àwọn oníròyìn gbé e, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa òfin yẹn tì, wọ́n wá ní góòlù tó bá ti kọjá àlàfo 5, àwọn ò ní kà á mọ́. Ẹ wo bí èkejì ṣe yàtọ̀ sí àkọ́kọ́. Wọn ò fìyà jẹ ọmọ kankan. Wọ́n kàn sọ góòlù kẹfà di ohun tí kò lówó lórí.

Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́.

Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ yìí fúnra wọn ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kí àwa àgbà tó pe ìpàdé. Ẹ lọ sídìí monkey post èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ ní Ìgbò-Ọrà, ní Ìdèrè tàbí ní Ayétẹ̀. Òkúta méjì níhìn-ín, sálúbàtà méjì lọ́hùn-ún. Góòlù méjì péré, ikọ̀ tí wọ́n nà jáde, sẹ́ẹ̀tì mìíràn wọlé. Tí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn méjèèjì ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó ń jẹ 17 níbẹ̀ torí kò sáyè ẹ̀. Ẹni tí wọ́n nà á lọ jókòó, á fa pure water kan mu, á máa bú àwọn tó nà án, tó bá sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá á tún padà wọlé. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá lágbára jù, ẹnì kan á pariwo pé "èyí ò dọ́gba o, ẹ fún wa lẹ́nì kan níbẹ̀," wọ́n á pààrọ̀ èèyàn, eré á máa lọ. Kò sí kọmítì, kò sí lẹ́tà.

Ayò ọlọ́pọ́n náà ní tiẹ̀. Bí ilé ẹnì kejì ẹ bá ṣófo, tó o sì ní ọmọ ayò tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, dandan ni kó o ta á dé ọ̀hún kí òun náà rí nǹkan ta. O mọ̀ ọ́n ta ju baba ẹ lọ, o ò lè torí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó máa gba ohun tó o ti jẹ lọ́wọ́ ẹ torí pé o jẹ ẹ́ pọ̀.

Ó yá, ká padà sí kóòṣì tó ń pariwo pé a máa nílò góòlù. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wèrè. Ikọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ìsọ̀rí wọn, méjì ló máa gòkè. Ìwé ìlànà tí àwọn tó ṣètò ìdíje fọwọ́ ara wọn kọ sọ pé bí point bá dọ́gba, àlàfo góòlù ni wọ́n máa wò. A ní kó lọ wá góòlù, ó wá a, a wá ń bínú pé ó pọ̀.

Ẹ wo ibi tí irú ìlànà yẹn lè gbé èèyàn dé. Ní oṣù Keje, 2013, lórílẹ̀-èdè wa níbí, ikọ̀ kéékèèké méjì ń du àyè kan láti wọ ìpele tó kéré jù nínú líìgì. Point wọn dọ́gba, ó wá ku góòlù. Plateau United Feeders na Akurba ní 79-0. Police Machine na Bubayaro ní 67-0. Mi ò ṣi nọ́ńbà kọ o. Ní hááfù táìmù, 7-0 ni èkíní, 6-0 ni èkejì. Góòlù 72 ló wọlé ní ìdajì kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: góòlù kan kí ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó pé, títí kan àkókò tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù padà sáàárín! Àjọ NFF fòfin de ikọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún 10, wọ́n sì lé àwọn agbábọ́ọ̀lù àtàwọn alákòóso wọn kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé.

Ìyà yẹn tọ́, torí jìbìtì ni. Ẹni tí wọ́n nà àtẹni tó nà, wọ́n jọ jẹ ẹ́ ni. Àmọ́ ohun tó bí jìbìtì náà ni pé góòlù kọ̀ọ̀kan níye lórí. CAF fúnra ẹ̀, ní ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí point bá dọ́gba, èsì ìgbà tí ikọ̀ méjèèjì bára wọn gbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n tó ka góòlù. Tí ìyẹn bá dáa fún Super Eagles, kí ló dé tí kò ní dáa fáwọn ọmọ Primary 6 ní Ìbàràpá? Ẹ yọ àlàfo góòlù kúrò. Tó bá di 7-0, kí réfírì fọn fèrè, ká kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí kóòṣì méjèèjì po àwọn ọmọ pọ̀, kí wọ́n pín wọn lákọ̀tun, kí wọ́n fi àkókò tó kù gbá bọ́ọ̀lù bíi ti monkey post. Àwọn ọmọ wá gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má lé wọn lọ sílé láago mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó, torí a ò tíì bi ara wa bí 17 ṣe ṣe é ṣe.

Ní April 11, 2001, Australia na American Samoa ní 31-0. Archie Thompson nìkan gbá 13 wọlé. Ọ̀ràn pásípọ́ọ̀tù ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà agbábọ́ọ̀lù American Samoa lè kópa, títí tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ ọdún 15 mọ́ ọn. Wọn ò fìyà jẹ Australia. Ètò ìdíje ni wọ́n yí padà, kí àwọn erékùṣù kéékèèké kọ́kọ́ máa bá ẹgbẹ́ wọn gbá ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì di 2011, American Samoa na Tonga ní 2-1. Nicky Salapu, ẹni tó jẹ góòlù 31 yẹn, òun náà ló ń ṣọ́lé.

Tiwa ńkọ́? Ikọ̀ tó gbá 17 wọlé yẹn ní "ọmọ ọdún 12" kan tí ohùn ẹ̀ wúwo ju tèmi lọ. Gbogbo wa la mọ̀. Òbí mọ̀, kóòṣì mọ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí pápá mọ̀. Ọmọ náà ti ṣe Junior WAEC kí àwọn tó ń bá a gbá tó dé Primary 5. (Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká dárúkọ ọ̀rọ̀ ìbejì. Nílùú wa níbí, Táíwò lè gba káàdì pupa ní Tuesday, kí "Kẹ́hìndé" wọlé ní Thursday. Réfírì wo ló fẹ́ jiyàn?)

Ẹ ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ torí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tó lọ sí Olympics 1988 kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ ká gbàlejò ẹ̀ ní 1991 bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Portugal ló ṣe é. Nígbà tí a wá gbàlejò ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní 2009, ẹ̀rọ MRI ni FIFA fi ń yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ wò.

Bẹ́ẹ̀, pápá ọmọdé níbí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó mú ọmọ ọdún 16 wá bá ọmọ ọdún 11 gbá bọ́ọ̀lù, òun ló na ọmọ yẹn ní 17-0, ẹ yé wá ẹ̀bi sẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ. Kóòṣì bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n gba point lọ́wọ́ ẹ̀, kódà kó jẹ́ 1-0 ló fi borí. Kí wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọdún kan. Tó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n lé àwọn tó ń pe ọmọdé ní apẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilé, àgbàyà lásán-làsàn.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: a ò lówó MRI. Bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní. Ìwé ìbúra kóòtù náà ò sì lè ràn wá lọ́wọ́, torí ọjọ́ tó bá wu èèyàn ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òbí ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Primary 1, kò tíì ro ti bọ́ọ̀lù. Kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan mú rẹ́jísítà ọdún tí ọmọ wọlé wá, ká ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Sátidé ni ìpàdé wọn. Mo ti bá ìyá tíṣà kan sọ̀rọ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, wọ́n ní tiwọn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ikán kàn jẹ ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀ ni.