A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ Jẹ́ Ká Dé Ibi Tí Àwọn Ọmọ Kọ̀ǹpútà Ti Ń Pàdé

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé gbogboogbò wa tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ọmọ òun ọkùnrin sọ fún òun pé òun ń lọ sí ìpàdé àwọn hacker ní Yaba lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ orúkọ yẹn báyìí, òun gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọmọ, òun tì í mọ́ àárín àpò gàrí nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí òun ò bí ọmọ yahoo. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí náà pàtẹ́wọ́, mo tún ní "ẹ káre."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Mo bi ara mi pé, ta ló sọ fún wa pé olè ni wọ́n? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ti débẹ̀ rí? Mo bá lọ bẹ màmá ọmọ náà, èmi àti ọmọ sì jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yaba ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín. Màmá náà gbà pé ká kọ ọ́, bí a ò bá ti dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ yẹn wò. Lóòótọ́, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n máa ń pe ẹni tó bá já wọ inú àkáǹtì ẹlòmíràn ní hacker. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó fẹ́ràn àtimáa tú ẹ̀rọ palẹ̀, tó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì lè tún un tò kó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bíi mẹkáníìkì ni. Mẹkáníìkì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí mọ́tò láìsí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ò sọ ọ́ di olè mọ́tò. Ìwà ló ń sọ èèyàn di olè, kì í ṣe ìmọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Chaos Computer Club. Ìlú Berlin ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1981. Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Jámánì ní ètò kan tí aráàlú fi ń ka ìròyìn tí wọ́n sì fi ń ṣe káràkátà lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ní ètò náà ní ihò, wọ́n ní owó aráàlú lè gba ibẹ̀ jò. Ní ọdún 1984, wọ́n fi orúkọ bánkì kan ní Hamburg wọlé, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣí ojú ìwé tiwọn tó ń gba owó, léraléra, láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nǹkan bí 135,000 owó máàkì ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. Kí ni wọ́n wá fi owó yẹn ṣe? Wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n fi ihò náà han gbogbo ayé, wọ́n sì dá owó bánkì padà. Ẹ̀yin ìyá mi, ibo lẹ ti rí olè tó ń pe oníròyìn?

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1975, nǹkan bí 30 èèyàn pàdé nínú gáréèjì ilé ẹnìkan ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California. Ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n wá ń pè ní Homebrew Computer Club. Ọ̀dọ́kùnrin onítìjú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Steve Wozniak. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un lọ sílé lọ kan kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó gbé e padà wá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, ó tún fún wọn ní àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1976, òun àti Steve Jobs dá iléeṣẹ́ Apple sílẹ̀. iPhone tí àwọn ọmọ wa ń tìtorí rẹ̀ yọ wá lẹ́nu, inú ìpàdé gáréèjì yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Yaba tí àwa mọ̀ ni Yaba Tẹ̀júoṣó, ká ra aṣọ, ká tajà, ká máa lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni ilé kan tí wọ́n ń pè ní Co-Creation Hub ti wà ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá síbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò Yaba. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé náà sílẹ̀, Bósún Tìjání, ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún 2023. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà wà: W.TEC bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, She Code Africa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Ìbàdàn náà ò gbẹ́yìn. Ìpàdé DevFest tó máa ń wáyé nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n ń ṣe é ní Èkó, wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ìpàdé inú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ tí mo lọ, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní "Mummy, ẹ káàbọ̀." Kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan á dìde, á fi ohun tó ṣe hàn, àwọn yòókù á bi í ní ìbéèrè, àwọn mìíràn á ta kò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ tún un ṣe. Ká sọ pé ẹ ò rí láptọ́ọ̀pù, ẹ ó ní ìpàdé ìsọ̀ aláta ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá fi áàpù kan hàn, ó ní àwa ọlọ́jà ni òun ṣe é fún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé, ta ló ti dúró nídìí igbá rí nínú yín? Gbogbo ilé dákẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro wa sílẹ̀. Mo ní oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ ká rí ojú fóònù. Mo ní ọwọ́ ẹlẹ́ja kì í gbẹ. Mo ní lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn ti kéré jù fún ojú àgbà. Mo ní èdè òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní bí tíránsífà bá há sójú ọ̀nà, oníbàárà á ní òun ti san, àwa á ní a ò rí i, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti álẹ́ẹ̀tì irọ́, tí àwọn olè fi ń kó ọjà wa lọ.

Ọmọbìnrin kan ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mummy, a ò mọ̀." Òun ló sọ fún mi pé ní Íńdíà, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé sórí káńtà: bí owó bá ti wọlé lóòótọ́, àpótí náà á kígbe iye rẹ̀ jáde, ní èdè tí ọlọ́jà gbọ́. Ọlọ́jà ò ní láti ka álẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ wo bí irú rẹ̀ ṣe máa rí, kó máa sọ Yorùbá nínú ọjà wa!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Láti ọdún 2012 tí bánkì àgbà ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù ní Èkó, owó wa ti ń lọ sínú fóònù díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2023, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí owó tuntun dá, tí owó àtijọ́ sì di ẹtì. Ata ń rà, tòmátò ń jẹrà, ẹni tí ò gba tíránsífà ò rí tà, ẹni tó gbà á ò mọ èyí tó wọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ló ní ká máa ná owó àtijọ́ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ta ló bi wá ní ohun tí ojú wa ń rí? Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí tiwa ni wọ́n ń fá yìí o, àwa la ò sì sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fá a kì í ṣe ìkà, wọn ò rí wa ni.

A ò sọ pé ẹ̀rù tó ń ba màmá yẹn ò ní ìdí. Ọmọ yahoo wà láàárín ìlú, a mọ̀. A sì mọ̀ pé ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù máa ń jìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ó wà lára ohun tó mú àwọn ọmọ wa jáde sí ìgboro ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn:

Ẹ mọ ilé tí ìpàdé wà àti àkókò tó máa parí. Ìpàdé gidi máa ń kéde àdírẹ́sì rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Òmíràn lè gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè PIN káàdì yín tàbí BVN yín, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ dá owó, kẹ́ ẹ sì mú èèyàn méjì wá kówó yín lè di púpọ̀, kì í ṣe ìpàdé kọ̀ǹpútà, jìbìtì ni.

Bí ọmọ bá dé, ẹ bi í pé "kí lo kọ́?" Èyí tó kọ́ nǹkan á lè ṣàlàyé. Èyí tó ń yí ojú kiri, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i.

Àbá tiwa fún ẹgbẹ́ rèé. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ rán èèyàn méjì lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbà á fún ara wọn. Sátidé ni ọjà ń tà jù, a mọ̀, nítorí náà kí àwọn ará ìsọ̀ bá wọn tajà lọ́jọ́ náà, kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ wọn. Kí wọ́n kó ẹ̀dùn ọkàn wa lọ, kí wọ́n sì mú èsì bọ̀ wá jíṣẹ́ nínú ìwé yìí. A ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa á jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Di òní tí a ń kọ èyí, láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn ṣì wà láàárín àpò gàrí. Màmá wa, mo bá yín pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì í. Ẹ dákun, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé e fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tí ó bá tún ń lọ ní Sátidé, ẹ tẹ̀ lé e. Èmi á bá yín jókòó ti gàrí.

Ọjà á tà o. Àṣẹ.