Ẹni Tó Padà Ní Ibodè Kò Wọ Ìlú

Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Wọ́n tún gbà pé ibodè kan wà láàrin ọjà àti ilé, tí Oníbodè ń ṣọ́. Arìnrìn-àjò tí wọ́n dá padà ní ibodè kò lè ròyìn ààfin ìlú tí kò wọ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n ní àwọn kú, tí àwọn sì jí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò mọ ní ìtàn mọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù; wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò jó nínú iná. Àṣìlò gbáà ni, ewu rẹ̀ sì pọ̀ ní ìlú bí Ìwó, níbi tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti jọ ń gbé agbo ilé kan náà.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtàn náà nílẹ̀ Nàìjíríà ni ti Pásítọ̀ Daniel Ekechukwu. Ìròyìn náà ní ó kú lẹ́yìn ìjàmbá ọkọ̀ ní oṣù kọkànlá 2001, pé ó jí ní ilé ìjọsìn kan ní Onitsha níbi tí Reinhard Bonnke ti ń wàásù, àti pé áńgẹ́lì mú un rìn yíká ọ̀run àti ọ̀run àpáàdì. Fídíò rẹ̀ tàn kálẹ̀ dé òkè òkun. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan sì takò ó.

Kò sí ẹni tí ó tọ́ kí ó fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ohun tí ó rí lójú ikú. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí ni ìran náà fi hàn? Ní 2001, Pim van Lommel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands tẹ ìwádìí wọn jáde nínú The Lancet. Aláìsàn 344 tí ọkàn wọn dákẹ́, tí àwọn dókítà sì mú sọjí, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn 62 ròyìn irú ìran bẹ́ẹ̀. Àwọn 282 kò rántí nǹkan kan. Van Lommel jiyàn pé àìtó afẹ́fẹ́ nínú ọpọlọ nìkan kò lè ṣàlàyé rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ni ọkàn wọn dákẹ́. Ìdà olójú méjì ni àríyànjiyàn yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni gbogbo wọn dé, kí ló dé tí àwọn 282 kò rí ọ̀run? Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ní ilẹ̀ Íńdíà ròyìn pé àwọn ìránṣẹ́ Yama, òrìṣà ikú, ni ó ṣèèṣì mú àwọn, kí wọ́n tó dá àwọn padà. Ó jọ pé èdè àlejò ni Oníbodè ń sọ.

Àwọn kan yóò ní bí kò bá sí irú ẹ̀rí yìí, àwọn ọ̀dọ́ kò ní bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́. Àwọn ìwé mímọ́ fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Kùránì, orí 23, òkú tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà kí òun lè ṣe rere kò rí ààyè. Ìdènà wà títí di ọjọ́ àjíǹde. Nínú Lúùkù orí 16, ọlọ́rọ̀ inú oró bẹ Ábúráhámù pé kí ó rán Lásárù lọ kìlọ̀ fún àwọn arákùnrin òun, Ábúráhámù sì kọ̀: wọ́n ní Mósè àti àwọn wòlíì. Lásárù mìíràn, ará Bẹ́tánì, lo ọjọ́ 4 nínú ibojì kí Jésù tó jí i. Jòhánù kò kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tí ó sọ nípa ohun tí ó rí níbẹ̀.

Ìtàn Yorùbá pàápàá kò yàtọ̀. Àkúdàáyà a kú ní ìlú kan, a fara hàn ní òmíràn, a ṣòwò, a gbéyàwó, a bímọ. Ọjọ́ tí ará ilé bá rí i ni í pòórá. Kì í gun orí àga ìwàásù lọ ròyìn ọ̀run. Ẹni tí ó dé ibẹ̀ lóòótọ́ nínú ìtàn dákẹ́. Ẹni tí kò wọ ibodè ni ó ń pariwo lónìí.

Ìwó mọ ohun tí ariwo ẹ̀sìn lè dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba. Kí oṣù náà tó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ kan wọ aṣọ ìjọ wá sí ilé-ìwé girama Baptist ní Ìwó. Bí aṣọ lásán bá lè pín ọmọ kíláàsì kan náà níyà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá dìde pé òun rí bàbá ẹlẹgbẹ́ òun nínú iná?

Kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ kọ́ ọmọ ní ìtàn àkúdàáyà gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì kọ́ ọ pé ọkàn tí ó dákẹ́ tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì í ṣe ikú tán. Kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó gba ọ̀run gbọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí tí kò dé ibẹ̀.