Orúkọ Kọ́ Ló Ń Yìnbọn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ wo bí a ti ń ra ọjà. Ènìyàn yóò wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin láti ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò ní yẹ ọjà náà wò, kò ní gbé e lọ́wọ́ bóyá ó wúwo tàbí ó fúyẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé orijínà ni?" Bí ọlọ́jà bá ti na ìka sí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, ọ̀rọ̀ bùṣe, owó ti jáde lápò. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má purọ́. Àṣé àìsàn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Mo bá a lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, lórí ohun tí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, èyíinì ni ìbọn ọdẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọmọ ọdẹ ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n òun ló jogún ìbọn, èmi jogún gègé. Ó ti di ọmọ onílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní ìwé àṣẹ, ó sì máa ń lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dọọdún bí wọ́n bá ti ṣí igbó lẹ́yìn ọdún Ìdúpẹ́ wọn. Ìpínlẹ̀ náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ pa àgbọ̀nrín. Ọwọ́ ni ọdẹ gbọ́dọ̀ fi ki òmíràn lẹ́yìn tó bá yìn ín tán. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi fẹ́ràn ìbọn ọlọ́wọ́ irin. Ẹ ti rí i nínú sinimá kaboi: ọwọ́ irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó yí ìka ká. Ẹ tì í síwájú, èèpo ọta tó ti jó fò jáde, òòlù ìbọn dìde, ọta mìíràn jáde láti inú ọ̀pá kejì tó wà nísàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan sì gbé e sókè. Ẹ fà á padà, ọta wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pàdé ara wọn ní àkókò tó yẹ, bí onílù méjì tó mọwọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọta há.

Nígbà tí mo lọ kí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tuntun ni, owó rẹ̀ lé ní 1,000 dọ́là. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kì í sì í ṣe ìkankan nínú àwọn tí n óò dárúkọ nísàlẹ̀. Òfin wọn kò jẹ́ kí àlejò tó bá fisà wọlé gbé ìbọn bí kò bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ, nítorí náà ojú lásán ni mo fi wò ó lórí tábìlì. Ojú lásán sì tó. Irin kékeré iwájú tí ọdẹ fi ń wo ọ̀kánkán ẹran tẹ̀ sí ọ̀tún bíi fìlà ọ̀mùtí. Níbi tí igi ti pàdé irin, àlàfo wà tó lè gba káàdì ìdánimọ̀ mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ki ọta òfìfo sí i láti dán an wò, ẹ̀kẹta há. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ rí èyí?" Ó ní òun rí i, pé ọlọ́jà sọ pé bí gbogbo ìbọn tuntun ti máa ń ṣe nìyẹn, tí òun bá ń lò ó yóò rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o tiẹ̀ rí orúkọ tó wà lára rẹ̀? Bàbá bàbá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti ń lò ó."

Mo pa ẹnu mọ́, torí àlejò ni mí. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí igbó ni a lọ, òun pẹ̀lú ìbọn, èmi pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi dandan lé kí àwọn ọdẹ má baà máa yìnbọn lu ara wọn. Ó yìn ín sí akọ àgbọ̀nrín kan. Ó bà á, ṣùgbọ́n ó bà á sẹ́yìn. Kò sí ọdẹ tí irú rẹ̀ kò ṣe rí, ìdí nìyẹn tí ọta kejì fi wà. Ẹran náà dúró, ó ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ọwọ́ irin síwájú, ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, kò wá. Ẹran náà rọra wọgbó lọ. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí i. Ẹ bi ọmọ ọdẹ léèrè ohun tó jẹ́ kí ẹran gbọgbẹ́ kó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ni mo fi ń kọ èyí. Ta ló sọ fún wa pé orúkọ ló ń ṣe ìbọn?

Ẹ gbọ́ ti Winchester. Ní 1894 wọ́n gbé ìbọn kan jáde tí John Browning ya àwòrán rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7. Fún nǹkan bí 70 ọdún, ara ìtì irin ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ̀yà inú rẹ̀. Nígbà tó di 1964, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ dín ìnáwó kù. Irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọta sókè, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di páànù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìṣó tó jẹ́ irin dídì di oníhò nínú. Orúkọ ara ọ̀pá ìbọn kò yí padà o. Ọdẹ Amẹ́ríkà kò tíì dárí jì wọ́n: títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ ta ògbólógbòó nínú wọn, wọn yóò bi í bóyá ti ṣáájú 64 ni tàbí ti lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Marlin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. John Marlin dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Connecticut ní 1870. Ní ìparí 2007, Remington kéde pé òun fẹ́ rà á. Nígbà tó fi máa di 2011 wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ tó wà ní North Haven pa, iṣẹ́ ti kó lọ sí Ilion ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n kó ẹ̀rọ. Wọ́n kó orúkọ. Ta ni wọn kò kó? Àwọn àgbà òṣìṣẹ́. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti ń sọ ọ́, ẹ̀rọ ti gbó, ìwé àwòrán iṣẹ́ kò sì bá ohun tí ọwọ́ ń ṣe mu mọ́. Orí àwọn àgbà yẹn ni àtúnṣe wà, ó sì bá wọn lọ sílé. Ìbọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí irin ìwọ̀kánkán rẹ̀ wọ́, tí igi rẹ̀ kò bá irin mu, tí ọta ń há sí nínú. Ọdẹ pa orúkọ méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pè é ní "Remlin". Kì í ṣe oríkì o, èébú ni.

Gbèsè gbé Remington dé ilé ẹjọ́ ní 2018, ó tún gbé e débẹ̀ ní 2020, wọ́n sì gé e tà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ruger ra Marlin ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là. Kò sáré. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Mayodan ní North Carolina, ó tún ìlànà iṣẹ́ ṣe, kò sì gbé ìbọn kan jáde títí di oṣù 12 ọdún 2021. Ọdẹ tó ń bú tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó ra Marlin ní 2005, ẹni tó rà á ní 2012, ẹni tó rà á ní 2022, ṣé ohun kan náà ni wọ́n rà? Orúkọ kan náà mà ni!

Mo ń gbọ́ yín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé, "Ìyẹn ni a ṣe ń sọ pé ti àtijọ́ ló dáa." Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀yin náà lẹ ń ra fíríìjì tòkunbọ̀ tó ti kú sójú omi. Ilé iṣẹ́ Winchester ti New Haven kógbá sílé ní 2006. Miroku ní Japan ló ń ṣe 1894 báyìí, ẹni tó bá sì wo bí igi ti lẹ̀ mọ́ irin lára rẹ̀ yóò gbà pé ọ̀pọ̀ èyí tí Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn 1964 kò tó o. Síbẹ̀ àwọn kan ń yínmú pé Japan ni. (Èmi náà kò fẹ́ràn ohun ìdábòòbò tí wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan iṣẹ́ ọwọ́.) Ẹ tún wo Henry. Ní 1860 ni Benjamin Tyler Henry gba àṣẹ lórí ìbọn tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Henry lónìí, Brooklyn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1996, wọn ò bá ti àtijọ́ tan rárá. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ń yin iṣẹ́ wọn. Ó dáa, kí wọ́n yìn ín nítorí iṣẹ́, kì í ṣe nítorí babańlá tí kì í ṣe babańlá wọn.

Àwa oníwèé ìròyìn náà jẹ̀bi. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìbọn lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń fi ìbọn tí wọn yóò dán wò ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ rò ó wò: èwo ni ilé iṣẹ́ yóò fi ránṣẹ́, èyí tó wọ́ ni? Mi ò lè bú wọn jù. Èmi náà ti jẹ ìrẹsì níbi ìfilọ́lẹ̀ ọjà rí, tí mo sì lọ sọ fáráyé pé ọjà náà kò lẹ́gbẹ́.

Bàbá wa kò mọ̀wé. Bó bá lọ gba ìbọn tuntun lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, yóò dijú, yóò gbé e sí èjìká, yóò wá lajú. Bí irin iwájú kò bá wà níbi tí ojú rẹ̀ bọ́ sí, ó gbé e padà fún un nìyẹn. Yóò fi èékánná tọ ibi tí igi ti pàdé irin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alágbẹ̀dẹ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kò bínú rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lórí káńtà ọlọ́jà kò ju ìyẹn lọ púpọ̀. Kí ọlọ́jà kọ́kọ́ ṣí i, kí gbogbo ojú rí i pé òfo ni. Kí ó wò ó láti ẹ̀yìn bóyá irin iwájú àti tẹ̀yìn dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá dè ọ̀pá ìbọn kọjá ààyè rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú. Kí ó wo orí súkúrù: bí ó bá ti há tàbí bó láti ilé iṣẹ́ wá, ẹni tó dè é ń kánjú ni. Kí ó fi ìka tọ inú ọwọ́ irin, torí èyí tí wọn kò rẹ́ etí rẹ̀ yóò gé e lọ́wọ́. Kí ó wá fà á, lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan kíákíá. Níbí ni irọ́ "yóò rọ̀ tó bá yá" wà. Líle tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lóòótọ́ yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń há lójú kan ṣoṣo, bí ilẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ wọ́, ẹ ó ṣí i ẹ ó tì í títí ọmọ yín yóò fi gbéyàwó, kò ní rọ̀.

Wọ́n á ní wàráńtì wà. Kí ni wàráńtì? Iṣẹ́ tó yẹ kí ilé iṣẹ́ sanwó fún ẹnì kan láti yẹ̀ wò kó tó jáde, wọ́n fi rán ẹni tó rà á, lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà tí ẹran bá sì ti dúró níwájú rẹ̀ ló máa ń mọ èsì. Ẹ̀gbọ́n mi dá ìbọn náà padà fún wọn. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó dé, ìwé wà nínú páálí pé wọ́n ti dán an wò, ó pójú ìwọ̀n. Ọta kò há mọ́. Irin iwájú ṣì tẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ó lọ ra òmíràn. Ó ki ọta òfìfo márùn-ún sápò lọ. Ó ní ọlọ́jà gbé ìkíní wá, òun dá a padà. Ó gbé ìkejì, òun dá a padà. Ọlọ́jà ní ṣé alágbẹ̀dẹ ìbọn lòun ni? Ẹ̀kẹta ló gbé relé. Ó ṣì san owó díẹ̀ kí ẹnì kan bá a rẹ́ etí ọwọ́ irin rẹ̀ tó mú.